Ìbéèrè: Ìrìn àjò ọlọ́jọ́ mẹ́rìnlá lórí odò South Nahanni pẹ̀lú afinimọ̀nà

Arìnnàkore:

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà lọ́wọ́ àwọn tó bá ti dé ibẹ̀ rí. Èmi àti ọkọ mi ti san owó àsansílẹ̀ fún ìrìn àjò ọlọ́jọ́ mẹ́rìnlá lórí odò South Nahanni, ní Northwest Territories ní àríwá Kánádà, a ó sì gbéra ní àárín oṣù Keje. Gẹ́gẹ́ bí ìwé tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí wa ti wí, bàálù tó ń balẹ̀ sórí omi ni yóò gbé wa láti Fort Simpson lọ sí adágún Rabbitkettle. Láti ibẹ̀ ni a ó ti máa wa ọkọ̀ ọ̀pẹ́ẹ́rẹ́ lọ títí a ó fi dé Virginia Falls, ibi tí omi odò náà ti ń já bọ́ láti orí àpáta, níbi tí a ó ti gbé ọkọ̀ àti ẹrù gba orí ilẹ̀ kọjá, kí a tó tún wọ inú omi gba àárín àwọn ọ̀gbun àpáta mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ sí abúlé Nahanni Butte. Wọ́n ya ọjọ́ mẹ́ta sọ́tọ̀ fún ìrìn ẹsẹ̀, gígun òkè Sunblood sì wà nínú rẹ̀.

Ọkọ mi mọ àjẹ̀ lò díẹ̀. Ní tèmi, n kò jókòó nínú ọkọ̀ ọ̀pẹ́ẹ́rẹ́ rí, ibi tí ẹsẹ̀ mi bá ti tólẹ̀ nìkan ni mo sì ti lè lúwẹ̀ẹ́. Ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta ni mí, ara mi le, mo sì máa ń rìn dáadáa. Ilé-iṣẹ́ náà ní kò pọn dandan kí ènìyàn ti wa ọkọ̀ rí, pé afinimọ̀nà yóò kọ́ wa lójú ọ̀nà. Béárì ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí jù; bí mo bá ti ka ìtàn rẹ̀ lálẹ́, oorun ti dá lójú mi nìyẹn. Kí ni ó yẹ kí n bi wọ́n kí a tó san owó tó kù? Tàbí kí n jẹ́ kí ọkọ mi máa dá lọ?

Atukọ̀ Ìgbà Kan:

Arìnnàkore, ẹ kú ìpalẹ̀mọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti gba odò yẹn, ní 2014 àti 2019, mo sì fẹ́ kọ́kọ́ gba ẹrù béárì kúrò lórí yín. Béárì wà níbẹ̀ lóòótọ́, èyí dúdú àti èyí tí wọ́n ń pè ní grizzly, ṣùgbọ́n ohun tí à ń ṣe sí i kò ju ìmọ́tótó àti ariwo lọ. A kì í se oúnjẹ nítòsí àgọ́ tí a ó sùn. Inú àgbá onídèrí líle ni oúnjẹ, ọṣẹ àti ìpara ń wọ̀ lálẹ́. A máa ń sọ̀rọ̀ sókè bí a bá ń gba inú igbó. Agolo ata tí a ń fọ́n sí i lójú sì máa ń wà ní ìgbànú, kì í ṣe ní ìsàlẹ̀ àpò ẹrù. Wọn kì í gba àlejò láàyè láti gbé ìbọn wọ ọgbà ìpamọ́ ìjọba tí odò náà gba inú rẹ̀ kọjá. Nínú ìrìn méjèèjì, ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo fojú kan béárì. Èso ló ń jẹ ní òdìkejì odò, kò tilẹ̀ gbójú sókè wò wá.

Omi tútù ni kí ẹ bẹ̀rù. Ọ̀jọ̀gbọ́n Gordon Giesbrecht ti Yunifásítì Manitoba, ẹni tó ti fi ara òun fúnra rẹ̀ dán omi yìnyín wò lọ́pọ̀ ìgbà, fi ìṣirò kan kọ́ àwọn awakọ̀ ojú omi ní Kánádà: ìṣẹ́jú kan, ìṣẹ́jú mẹ́wàá, wákàtí kan. Ní ìṣẹ́jú àkọ́kọ́, èémí yóò máa já lu ara wọn, iṣẹ́ ẹni kò sì ju kí ó fara balẹ̀ mí lọ. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó tẹ̀ lé e ni ọwọ́ àti ẹsẹ̀ yóò ṣì fi máa gbọ́ràn sí ènìyàn lẹ́nu. Ó sì tó bíi wákàtí kan kí òtútù tó mú kí ènìyàn dákú. Ẹni tó bá wọ ẹ̀wù amúniléfòó ló ní wákàtí yẹn. Ẹni tí kò wọ̀ ọ́ yóò ti rì kí òtútù tó kàn án.

Ní ìrìn mi àkọ́kọ́, ọkọ̀ wa dojú dé ní Figure Eight, ibi tí omi ti ń ru láàárín ọ̀gbun kẹrin àti ìkẹta. Mo fẹ́ pariwo, omi gba igbe náà lẹ́nu mi. N kò lo ìṣẹ́jú márùn-ún nínú omi tí afinimọ̀nà fi fà mí gúnlẹ̀, síbẹ̀ nígbà tí ó ní kí n tú ìdè àkẹtẹ̀ tó wà lábẹ́ àgbọ̀n mi, ìka mi kàn ń yọ̀ lórí rẹ̀ bí ìka ọmọ ọwọ́ ni. Òun ló tú u. Òun náà ló bọ́ ẹ̀wù tútù lára mi, tó fi tirẹ̀ gbígbẹ wọ̀ mí, iná sì ti ń jó kí n tó mọ̀ pé mo ń gbọ̀n. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá gbọ́ pé afinimọ̀nà yóò kọ́ ènìyàn lójú ọ̀nà, àyà mi a já. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó rí ekòló á sá.

Ẹ bi wọ́n pé afinimọ̀nà mélòó ni yóò tẹ̀ lé èrò mélòó. Ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ń ta aṣọ bo ojú ọkọ̀ kí omi má baà kún un. Ẹ wá bi wọ́n pé ìgbà wo ni wọ́n kọ̀ láti wọ ibi tí omi ti ń ru gbẹ̀yìn, àti ohun tí wọ́n ṣe pẹ̀lú èrò wọn lọ́jọ́ náà. Bí wọ́n bá fi ìbéèrè yìí rẹ́rìn-ín, ẹ gba owó yín.

Ìyá Àbíyè:

Òótọ́ ni Atukọ̀ sọ, àmọ́ ọ̀rọ̀ ṣì kù. Afinimọ̀nà kì í ṣe aláàárù. Ẹni tó bá rò pé nítorí òun sanwó, òun yóò jókòó kí wọ́n máa wa òun kiri, Virginia Falls ni yóò ti mọ̀ pé òun ṣìrò. Omi náà ga tó bíi mítà 90, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì Niagara, òpó àpáta kan sì dúró gbọnin láàárín tó là á sí méjì. Àwọn Dene tó ni ilẹ̀ náà ń pè é ní Náįlįcho, ìyẹn omi ńlá tó ń já bọ́. Ọ̀nà tí a ń gbé ẹrù gbà kò tó nǹkan lójú àwòrán ilẹ̀, wọ́n tilẹ̀ tẹ́ pákó sí apá kan rẹ̀, ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ rẹ̀ dà gẹẹrẹ, ẹrù ẹni kò sì lè tán lẹ́ẹ̀kan. Ìgbà mẹ́rin ni mo lọ tí mo bọ̀. Ìgbà kẹrin ni mo tó gbé orí sókè wo omi tí mo tìtorí rẹ̀ kúrò nílé.

Ilé-iṣẹ́ tí èmi bá lọ, tí n kò ní dárúkọ, fi afinimọ̀nà méjì kó èrò mọ́kànlá, ọ̀kan nínú wọn sì jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń gba odò náà fún ìgbà àkọ́kọ́, gẹ́gẹ́ bíi tèmi. Ọmọlúàbí ni, ó mọ oúnjẹ sè. Ṣùgbọ́n nígbàkúùgbà tí omi bá dún níwájú, ojú ẹnì kejì rẹ̀ ni òun náà máa ń wò.

Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ lọ, ṣùgbọ́n kí ó jẹ́ nínú ọkọ̀ rọ́bà ńlá tí wọ́n ń fẹ́ atẹ́gùn sí. Afinimọ̀nà ló ń fi àjẹ̀ gígùn darí rẹ̀, kò sì ṣòro fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n wà láti jókòó nínú rẹ̀ láìdojú dé. Bàálù sábà máa ń já irú àwọn èrò bẹ́ẹ̀ sí òkè Virginia Falls, ẹ ó sì rí gbogbo ọ̀gbun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láìfi ọ̀sẹ̀ kan gbáko há ara mọ́ àjẹ̀.

Ẹsẹ̀ Kì í Gbélé:

Ìyá Àbíyè, ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n n kò fara mọ́ ọn tán. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ ní Virginia Falls ti pàdánù Rabbitkettle, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ràn jù lọ. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ kan ń sun láti inú ilẹ̀ níbẹ̀, ẹfun inú rẹ̀ ti ń dì lórí ara wọn láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún wá, ó sì ti di òkìtì òkúta olórí-títẹ́ tó ga ju ilé alájà márùn-ún lọ, tí etí rẹ̀ rí bí àwọn adágún kéékèèké tó tò léra wọn bí àtẹ̀gùn. Òṣìṣẹ́ ọgbà ìpamọ́ ló ń mú ènìyàn débẹ̀, a sì máa ń bọ́ bàtà kí a tó gùn ún, nítorí pé òkúta náà rọrùn láti fọ́. N kò gbàgbé bí ó ṣe rí lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ mi: ó ń hán díẹ̀, ó tutù ní ẹ̀gbẹ́ kan, ó lọ́wọ́ọ́wọ́ ní èkejì.

Odò náà kò sì le ní apá òkè yẹn. Ó ń yára, àmọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ ru, ó dára fún ẹni tó ń kọ́ àjẹ̀ dì mú. Ohun tí mo máa ń sọ fún ènìyàn ni pé kí wọ́n ti fi ọkọ̀ dojú dé nílé kí wọ́n tó lọ. Ẹ wá adágún kan tó wà nítòsí, ẹ wá olùkọ́, kí ẹ sì mọ̀ọ́mọ̀ dà á lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, títí tí ẹ ó fi lè di ọkọ̀ mú láìronú.

Ìrìn ẹsẹ̀ ni ẹnikẹ́ni kò tíì mẹ́nu bà, bẹ́ẹ̀ orúnkún àwọn èrò ni mo ti rí kó bàjẹ́ jù, kì í ṣe ọkọ̀. Lórí Sunblood, gígun òkè náà kọ́ ni ìṣòro. Ìsọ̀kalẹ̀ ni, nítorí pé òkúta wẹ́wẹ́ a máa yọ̀ lábẹ́ bàtà. Ẹni tó bá wọ bàtà tuntun lọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò lé róró, róró inú bàtà tó ń tutù lójoojúmọ́ kì í sì yá san. Ọ̀pá méjì, bàtà tó ti mọ ẹsẹ̀, àti àwọ̀n ojú nítorí ẹ̀fọn. (Ẹ̀fọn ibẹ̀ kò ní ibà, àmọ́ kò ní ìtìjú náà.)

Ẹ má sì fi ọjọ́ tí ẹ ó padà sẹ́nu iṣẹ́ há ara yín mọ́lẹ̀. Láti 2009 ni wọ́n ti mú ọgbà náà gbòòrò ju 30,000 kìlómítà níbùú lóròó lọ, kò sí ọ̀nà mọ́tò kan tí àlejò lè gbà wọ inú rẹ̀, ojú ọ̀run nìkan ni ìrànlọ́wọ́ ti ń wá. Bí ìkùukùu bá bo orí òkè, bàálù kò ní gbéra. Ọjọ́ méjì gbáko ni a fi jókòó sí Fort Simpson tí a ń wo òjò. Ẹ bi wọ́n nípa fóònù sátẹ́láìtì, kí ẹ sì ka ìwé ìbánigbófò yín dáadáa bóyá ó san owó bàálù tó bá wá gbé aláìsàn.

Arìnnàkore:

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an. Mo pè wọ́n lówùúrọ̀ yìí. Afinimọ̀nà mẹ́ta ni wọn yóò fi tẹ̀ lé èrò mẹ́wàá, wọ́n ń ta aṣọ bo ọkọ̀, fóònù sátẹ́láìtì wọn sì jẹ́ méjì. Nígbà tí mo bi obìnrin tó gbé fóònù ní ìbéèrè ti Atukọ̀, kò rẹ́rìn-ín. Ó ní ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, omi kún lẹ́yìn òjò ńlá, àwọn sì jókòó sí òkè Figure Eight fún ọjọ́ kan àbọ̀, pé àwọn jẹ gbogbo ṣokoléètì tó yẹ kí ó tó títí dé òpin ìrìn. Mo fẹ́ràn ìdáhùn yẹn.

Wọ́n ti gbà pé a lè fi ọkọ̀ ọ̀pẹ́ẹ́rẹ́ pààrọ̀ ọkọ̀ rọ́bà títí di ìparí oṣù Karùn-ún. Nítorí náà, mo ti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ olùkọ́ kan fún òpin ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lórí adágún. Bí mo bá lè dojú dé kí n sì padà wọ ọkọ̀ láìsunkún, Rabbitkettle ni a ń lọ; bí n kò bá lè ṣe é, a ó tẹ̀ lé ìmọ̀ràn Ìyá Àbíyè, a ó wọ ọkọ̀ rọ́bà. Bàtà ti dé, mo sì ti ń wọ̀ ọ́ gun àtẹ̀gùn ilé lálaalẹ́. Àwọn ará ìsàlẹ̀ ti ń bèèrè ohun tó ṣe mí.