Fìlà ọmọ kí ọyẹ́ tó dé: èwo ni kí n kọ́kọ́ kọ́?

Okun o, gbogbo ilé. Kábà ni mo wà. Mo fẹ́ máa hun fìlà àti ìbọ̀sẹ̀ ọmọ jòjòló tà, torí tí ọyẹ́ bá mú lọ́dọ̀ wa, abiyamọ kì í ná ọjà pẹ́.

Àǹtí kan ń kọ́ni ní kíróṣé (ìhun abẹ́rẹ́ kan tó ní ìkọ́ lẹ́nu), ẹlòmíì ń kọ́ni ní ìhun abẹ́rẹ́ méjì. Owó mi ò ká méjèèjì. Kíróṣé dà bíi pé ó yá kọ́: ojóbó kan ṣoṣo ló máa ń wà lẹ́nu abẹ́rẹ́ rẹ̀, tó bá yọ, kò le láti mú padà. Àmọ́ ó ń jẹ òwú ju ìkejì lọ, òwú sì ti wọ́n. Èwo ni kí n mú?

Òwú akírílíìkì (òwú tí wọ́n fi ike ṣe) ni mo ń rí jù lọ́jà. Ó rọrùn láti fọ̀, ṣùgbọ́n ṣé kò ní máa yún ọmọ lórí? Ìyá mi àgbà, ọmọ Bùnú, ní kí n lo òwú tí wọ́n fi ń hun aṣọ pupa tí wọ́n fi ń sin àgbà. Ẹnu wọn ò ṣeé já, àmọ́ òwú yẹn tín-ín-rín jù fún fìlà, àbí?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti tà á rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn kí òjò tó dá.