Kọ́kọ́rọ́ oṣù tuntun: ọjọ́ mélòó ṣáájú?

Ẹ̀yin ọ̀gá wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ní Kétu níbí, wáyà la fi ń pín tẹlifíṣọ̀n olówó oṣù. Kọ́kọ́rọ́ tó ń ti àwòrán, ìyẹn nọ́ńbà àṣírí inú ẹ̀rọ, kò yọ mí lẹ́nu. Ẹ̀rọ ń pààrọ̀ rẹ̀ fúnra rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Ti oṣooṣù, tí à ń rán gba orí wáyà wọ káàdì inú dekódà oníbàárà, ni wàhálà. Ẹni tó pa dekódà rẹ̀ lọ sóko á dé, kò ní rí àwòrán torí kọ́kọ́rọ́ tuntun kò ráyè wọlé, bẹ́ẹ̀ ó ti sanwó! Mo ti ń rán an léraléra, ó ń pẹ́ kó tó kan gbogbo káàdì. Bí mo bá sì tètè rán an, ẹni tí kò tíì sanwó oṣù tuntun pàápàá á máa wò lọ.

Ọjọ́ mélòó ṣáájú ni ẹ̀yin máa ń rán an? Ẹ má bínú pé ó gùn. Mo dúpẹ́ ṣáájú.