Ìwé ìròyìn àwọn oníṣẹ́ igi fẹ́ kọ nípa ilé ìlagi wa: báwo ni kí a ṣe múra sílẹ̀?

Ẹ̀yin àgbà nídìí iṣẹ́ igi, mo kí yín. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní ilé ìlagi kékeré kan ní Oko Bàbá, ní Èbúté Mẹ́ta, níbi tí wọ́n ti ń fi omi ọ̀sà wọ́ ìtì gẹdú wá. Olóòtú ìwé ìròyìn kan tí àwọn oníṣẹ́ igi ń kà lókè òkun kọ̀wé sí wa pé òun fẹ́ fi ojú ewé 4 sọ ìtàn wa.

Orúkọ igi ló ń kọ mí lóminú jù. Bí wọ́n ṣe ń pe ìrókò náà ni àwa ń pè é (inú mi sì máa ń dùn sí i), ṣùgbọ́n limba ni ọ̀pọ̀ nínú wọn mọ afàrà wa sí, obeche sì ni wọ́n ń pe arère. Ṣé kí n kọ orúkọ Yorùbá ṣáájú, kí n wá fi ti àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, bíi Terminalia superba fún afàrà, tẹ̀lé e, àbí orúkọ ọjà wọn ni kí n lò?

Wọ́n tún béèrè fún àwòrán. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí a kọ́kọ́ kó gbogbo eruku igi kúrò nílẹ̀, ṣùgbọ́n lójú tèmi, ilé ìlagi tí kò ní eruku igi jọ irọ́. Ẹ̀yin tí irú èyí ti ṣẹlẹ̀ sí rí, ẹ jọ̀wọ́, kí ni ẹ fi hàn wọ́n, ǹjẹ́ wọ́n sì béèrè ìwé àṣẹ gígé igi lọ́wọ́ yín?