Nígbà tí ọ̀rọ̀ yín àti ti olùkọ́ ajá kò bá wọ̀ lórí ohun èlò

Alájá Mẹ́ta:
Ṣéènì tó ń fún ajá lọ́rùn ló sábà máa ń dá ìjà yìí sílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ bá olùkọ́ jiyàn lórí rẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Bí ẹ bá kàn ní "ó ń dun ajá", olùkọ́ á ní ẹ ti kẹ́ ẹ bàjẹ́, ọ̀rọ̀ bùṣe.

Òrùka méjì ló wà lórí rẹ̀. Ẹ ó fa ṣéènì náà gba inú òrùka kan, ẹ ó wá kọ́ okùn mọ́ ìkejì. Bó bá jẹ́ apá òsì yín ni ajá máa ń rìn, tí ẹ kọjú sí i láti wọ̀ ọ́ fún un, ó gbọ́dọ̀ rí bíi lẹ́tà P lọ́wọ́ yín. Bó bá rí bíi 9, ẹ ti wọ̀ ọ́ sódì: bí okùn bá tiẹ̀ dẹ̀, ṣéènì kò ní tú. Bẹ́ẹ̀ gbogbo àwíjàre àwọn tó ń lò ó ni pé ó ń tú lójú ẹsẹ̀. Ẹ wo ọrùn àwọn ajá tó wà ní kíláàsì kan, ẹ ó rí iye tó jẹ́ 9.

Àní èyí tí wọ́n wọ̀ bó ṣe yẹ, ajá tó ń fà láìsinmi ń fún ara rẹ̀ lọ́rùn ni, á sì mọ́ ọn lára. Ajá onímú pẹlẹbẹ, ajá kéékèèké tí ọ̀nà ọ̀fun wọn tètè ń wó, àti ajá tó ní àìsàn ojú tó ń jẹ́ glaucoma kò gbọdọ̀ wọ ohun tó ń fún ọrùn rárá, torí bí ọrùn bá ń fún, agbára inú ẹyinjú á ròkè. Ẹ má sì fi í sílẹ̀ lọ́rùn ajá tó dá wà. Ó lè kọ́ sí nǹkan, kó sì so ajá rọ̀.

Ṣọ́lájá:
Òótọ́ ni ẹ̀gbọ́n sọ nípa P yẹn. Ṣùgbọ́n kí a má pe gbogbo olùkọ́ tó ń lo irin ní ìkà. Ẹ fi kọ́là eléékánná, ìyẹn kọ́là irin tí ẹnu ṣóńṣó rẹ̀ ń tẹ ọrùn ajá, dán olùkọ́ wò. Ẹni tó mọṣẹ́ á yọ èékánná tó pọ̀ jù kúrò kó lè ba ọrùn mu, á gbé e sókè lẹ́yìn etí gan-an, kò ní jẹ́ kó yọ̀ wá sísàlẹ̀ ọ̀fun. Á tún fi okùn kékeré so ó pọ̀ mọ́ kọ́là lásán, torí èékánná máa ń já kúrò lára ara wọn lójijì, ajá á sì wà ní òmìnira láàárín títì. Olùkọ́ tó fi í rọ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀, tí kò sì ní okùn àfikún, kò mọ nǹkan tó mú lọ́wọ́. Ẹ ò nílò àríyànjiyàn míì.

Ti òfin ńkọ́? Ní Jámánì, láti ọdún 2022, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi kọ́là eléékánná kọ́ ajá mọ́. Kí ẹ wádìí òfin ibi tí ẹ wà kí ẹ tó jiyàn.

Ìyá Bíńgò:
Ẹ ò tíì dé orí èyí tó ń pa mí lẹ́kún: kọ́là oníná. Irin kékeré méjì ló wà lábẹ́ rẹ̀, wọ́n sì gbọ́dọ̀ kan awọ ara, kì í ṣe irun. Bí kọ́là bá dẹ̀, irin á máa kan ara, á tún máa kúrò. Olùkọ́ á tẹ rìmóòtù, ajá ò ní mira. Á gbé agbára rẹ̀ sókè, ajá ò tún ní mira. Á gbé e sókè sí i. Kí ajá wá yí ọrùn báyìí, kí irin kan ara dáadáa, gbogbo agbára tí wọ́n ti gbé sókè á wọlé lẹ́ẹ̀kan. Igbe tí ajá bá ké nígbà náà, wọ́n á ní agídí ni. Bí wọ́n bá sì fún un jù, tó wà lọ́rùn láti àárọ̀ dalẹ́, irin náà á dá egbò sí awọ, ì báà má tan rárá.

Àkókò tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ ló burú jù. Ajá rí ọmọdé lórí kẹ̀kẹ́, ó gbó, iná mú un. Ẹ̀yin rò pé gbígbó ló fa ìrora. Lójú ajá, ọmọ orí kẹ̀kẹ́ ló mú un wá. Bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ pẹ́, lẹ́yìn tí ajá ti yíjú padà sọ́dọ̀ yín, ẹ ti kọ́ ọ pé wíwá sọ́dọ̀ yín ń dunni. Bí ó bá sì jẹ́ kíkùn ni wọ́n fi iná pa lẹ́nu rẹ̀, ìbẹ̀rù tó ń mú un kùn ṣì wà níbẹ̀. Ìkìlọ̀ nìkan ló lọ. Irú ajá bẹ́ẹ̀ ni ẹ ó gbọ́ pé ó buni jẹ "láìnídìí". Wales ti fòfin de kọ́là oníná láti 2010.

Àwọn olùkọ́ míì á ní ajá tó máa sọnù ni kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Ó dáa, ta ló kọ́ ọ ní fèrè ọ̀hún?

Bàbá Ìbejì:
Màámi, ẹ ṣeun. Ẹni tó bá ní òun ò fẹ́ irin gbọ́dọ̀ mú nǹkan míì wá, kó má kàn kọ̀. Èyí tí mo máa dábàá ni bẹ́líìtì àyà tó ní òrùka níwájú, lórí egungun àyà. Bí ajá bá fà, okùn á yí ara rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, kò ní ráyè fi gbogbo agbára àyà fà. Ẹ yan èyí tó rí bíi Y níwájú. Èyí tó fa ìlà kan gbọọrọ kọjá èjìká kì í jẹ́ kí ẹsẹ̀ nà dáadáa. Ìka méjì gbọ́dọ̀ gba abẹ́ okùn rẹ̀ níbi gbogbo. Bí irun abíyá bá ń re, ó ti sún mọ́ ẹsẹ̀ jù nìyẹn.

Bẹ́líìtì kì í kọ́ni o. Ìpanu ló ń kọ́ni, iye rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ ju ìdá 10 nínú 100 oúnjẹ òòjọ́ lọ. Ẹ gé e kéékèèké bí èékánná ọmọ ìka yín. Nínú ilé tí kò sí ariwo, ẹ gbé ẹsẹ̀ kan, ẹ fún un. Ẹ gbé méjì, ẹ fún un. Ẹ máa mú un wá sí ẹ̀gbẹ́ itan yín lápá ibi tí ajá wà. Bí ẹ bá nà án síwájú, ajá á gba iwájú yín kọjá, á sì gbé yín ṣubú. Bí okùn bá le, ẹ dúró gbári. Bó bá dẹ̀, ẹ máa lọ. Okùn tó ń fà jáde tó ń ká wọlé kò bá ẹ̀kọ́ yìí lọ, torí ó máa ń le nígbà gbogbo, fífà ló ń kọ́ ajá.

Bí ajá bá kọ ìpanu tó ń jẹ nílé, ẹ ti sún mọ́ ohun tó ń bà á lẹ́rù jù. Ẹ padà sẹ́yìn títí á fi jẹun.

Alájá Mẹ́ta:
Ó ku bí a ṣe máa sọ ọ́ fún olùkọ́. Kí ẹ tó sanwó, ẹ bi í ní mẹ́ta: kí ni ẹ máa ń ṣe bí ajá bá ṣe é dáadáa? Kí ni bó bá ṣì í ṣe? Bí èyí kò bá ṣiṣẹ́, kí ló kàn? Bó bá jẹ́ "a ó fi kún agbára rẹ̀" ni ìdáhùn ìkẹta, ẹ ti gbọ́ ibi tó ń lọ. Ẹ ní ẹ fẹ́ wá jókòó wo kíláàsì kan láìmú ajá dání.

Ní àárín kíláàsì, ẹ fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ pé: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, mi ò ní lo ìyẹn lára ajá mi. Ṣé ọ̀nà míì wà?" Kí okùn má kúrò lọ́wọ́ yín, olùkọ́ tó bá gbà á kúrò lọ́wọ́ yín láìtọrọ, ẹ gbà á padà. Bó bá ní ọ̀nà yín kò lè ṣiṣẹ́, ẹ bẹ̀ ẹ́ kí ẹ jọ kà á: ẹ rìn ní ìṣísẹ̀ 50, ẹ ka iye ìgbà tí okùn le, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ tún un kà ní ibi kan náà. Ẹ máa wo ajá náà: bó bá ń lá ètè, tó ń yán, tó ká ìrù sábẹ́ ikùn, tí funfun ojú rẹ̀ yọ, kò kọ́ ohunkóhun lákòókò yẹn. Ẹ mú un jáde.

Ajá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í buni jẹ lójijì, ọ̀dọ̀ dókítà ẹranko ni kó kọ́kọ́ lọ, torí ìrora eyín tàbí ti oríkèé máa ń mú un ṣe bẹ́ẹ̀.

Ṣọ́lájá:
Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un fún ẹni tí olùkọ́ rẹ̀ ní kọ́là oníná nìkan ló lè mú ajá padà wá bí a bá pè é: okùn gígùn mítà 10 wà. Bẹ́líìtì àyà ni kí ẹ kọ́ ọ mọ́, lẹ́yìn ni, kì í ṣe kọ́là. Ajá tó sá eré dé òpin mítà 10 lè fi ọrùn ṣèṣe. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ má sì wé okùn mọ́ ìka. Ẹ pè é lẹ́ẹ̀kan péré, ẹ sáré sẹ́yìn. Bó bá dé, ìpanu mẹ́ta tẹ̀lé ara wọn, lẹ́yìn náà kó tún lọ ṣeré. Àwọn tó máa ń fi okùn dè é padà lójú ẹsẹ̀ tó bá dé, ẹ máa rí i pé láìpẹ́, á máa dúró níbi tó jìnnà díẹ̀, á máa wò yín.