Báwo ni mo ṣe lè fọ rímù ọkọ̀ nílé láìní rọ́bà omi?

Ọ̀dọ́ Awakọ̀: Ẹ̀yin àgbà inú ẹgbẹ́, mo kí yín o. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà. Àjà kẹta ni mo ń gbé, kò sì sí ẹ̀rọ omi nítòsí ibi tí mo ń gbé ọkọ̀ sí, nítorí náà kò sí bí mo ṣe lè fa rọ́bà omi débẹ̀. Ọwọ́ ni mo fi ń gbé omi sọ̀kalẹ̀, korobá méjì péré sì ni agbára mi ká lẹ́ẹ̀kan. Ara ọkọ̀ kò yọ mí lẹ́nu. Rímù iwájú méjèèjì ni ìṣòro mi, nítorí pé ìdọ̀tí dúdú kan tó dà bí èédú lílọ̀ máa ń bò wọ́n kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé, bẹ́ẹ̀ ti ẹ̀yìn kì í dọ̀tí tó bẹ́ẹ̀. Ní oṣù tó kọjá, mo fi aṣọ gbígbẹ nù wọ́n, ṣùgbọ́n nígbà tí oòrùn tàn sí wọn ni mo rí ìlà wẹ́wẹ́ tó rí bí òwú aláǹtakùn lára rímù apá òsì. Ó dùn mí gan-an, n kò sì fẹ́ tún bà á jẹ́ sí i. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni kí n ṣe?

Mẹkáníìkì Àgbà: Àbúrò mi, pẹ̀lẹ́. Ohun dúdú tí o rí yẹn kì í ṣe eruku ojú títì lásán. Nígbàkigbà tí o bá tẹ bíréèkì, páàdì, ìyẹn ohun pẹlẹbẹ tó ń mú kí táyà dúró, á fún díìsìkì mọ́ra, ìyẹn àwo irin tó ń yí pẹ̀lú táyà, àwọn méjèèjì á sì máa jẹ díẹ̀díẹ̀. Ìyẹ̀fun tó bọ́ lára wọn á fò jáde ní gbígbóná, á sì lẹ̀ mọ́ ọ̀dà rímù. Ti iwájú pọ̀ ju ti ẹ̀yìn lọ nítorí pé bí ọkọ̀ bá ń dúró, ìwúwo rẹ̀ a máa rọ́ síwájú, bíréèkì iwájú ló sì ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Irin wà nínú ìyẹ̀fun yìí, ìdí nìyẹn tí aṣọ gbígbẹ fi ha ọ̀dà rẹ.

Má fọ rímù nígbà tó bá ṣì gbóná. Bí o bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìrìn àjò dé, omi tútù tó bá bá díìsìkì lójijì lè mú kó tẹ̀, ọṣẹ náà á sì gbẹ mọ́ rímù kí o tó ṣan án. Má fi ẹnu fẹ́ ìyẹ̀fun náà dànù, torí kò dára kí èèyàn fà á símú. Fi omi rin ín ná, kí o sì wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà. Bí ọwọ́ rẹ bá kan òjé pẹlẹbẹ kékeré tí wọ́n lẹ̀ mọ́ inú rímù, má ṣe ha á kúrò; òun ni kò jẹ́ kí táyà máa gbọ̀n lórí eré.

Ìyá Ìbejì: Èmi náà kò ní rọ́bà omi, korobá méjì sì ń tó mi fún táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ọ̀kan jẹ́ ti omi ọṣẹ, èkejì jẹ́ ti omi lásán tí mo fi ń ṣan kànìnkànìn. Ohun tó gbà mí ni páńpù ìfọ́nmi kékeré, irú èyí tí àwọn àgbẹ̀ fi ń fọ́n oògùn, tí kò gbà ju lítà 5 lọ. Tuntun ni kí ẹ rà o, kí ó má jẹ́ èyí tí oògùn apakòkòrò ti wọ̀ rí.

Ẹ fọ táyà kan àti rímù rẹ̀ tán pátápátá kí ẹ tó bọ́ sí èkejì. Táyà ni ẹ ó kọ́kọ́ fi búrọ́ọ̀ṣì líle fọ̀, nítorí pé ìdọ̀tí rẹ̀ á ṣàn sórí rímù. Lẹ́yìn náà, ẹ fọ́n omi ọṣẹ sí rímù láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí ẹ sì mú ọwọ́ kúrò fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ẹ ó rí i tí omi dúdú á máa sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀ láti àyíká àwọn nọ́ọ̀tì. Ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ wà: ìdọ̀tí tó bá ti tú kò ní fi bẹ́ẹ̀ ha nǹkan mọ́. Ìgbà náà ni kí ẹ wá fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ wọ inú àwọn ihò rẹ̀, kí ẹ tún fọ́n omi lásán sí i, kí ẹ sì fi aṣọ nù ún gbẹ.

Afọkọ̀: Mo fara mọ́ ohun tí Ìyá Ìbejì sọ. Aṣọ àti kànìnkànìn tí ẹ fi fọ rímù kò gbọdọ̀ kan ara ọkọ̀ mọ́ láé. Ẹ jìnnà sí kànìnkànìn onírin, ẹ má sì lo oògùn tó ní ásíìdì lára rímù alumíníọ̀mù tí kò ní ọ̀dà, nítorí pé yóò jẹ ẹ́. Oògùn kan wà fún ìyẹ̀fun irin tó ti wọnú ọ̀dà, tó máa ń yí padà di àwọ̀ elésè àlùkò bó bá ti pàdé irin. Ẹ má jẹ́ kó gbẹ síbẹ̀. Ní ti àwọn ìlà yẹn, ẹ fi èékánná fà á kọjá. Bí èékánná kò bá kọ́, ìpara tí wọ́n fi ń dán ara ọkọ̀ lè mú kó dínkù. Lẹ́yìn náà ẹ fi ìda ọkọ̀ pa á, ìyẹ̀fun kò ní lè rọ̀ mọ́ ọn bíi ti tẹ́lẹ̀.

Ọ̀dọ́ Awakọ̀: Ẹ ṣé gan-an ni. Mo ṣe é láàárọ̀ yìí, omi sì ṣẹ́ kù nínú korobá kejì. Àwọn ìlà náà kò kọ́ èékánná mi. Ṣùgbọ́n mo rí i pé ojú díìsìkì ti pọ́n bí ìpẹtà. Ṣé mo ti bà á jẹ́ ni?

Mẹkáníìkì Àgbà: Rárá, o kò ba nǹkan kan jẹ́. Irin tí omi kàn tí kò tètè gbẹ ni, ojú irin náà lásán ló sì wà. Wa ọkọ̀ náà jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ níbi tí kò sí èrò, kí o máa tẹ bíréèkì díẹ̀díẹ̀. Kò ní pẹ́ tí páàdì á fi nù ún kúrò, omi inú rẹ̀ á sì gbẹ. Má ṣe gbé ọkọ̀ sílẹ̀ fún ọjọ́ pípẹ́ lẹ́yìn tí o bá fọ̀ ọ́ láì ṣe bẹ́ẹ̀.