Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ẹṣin tí mo gbà sílẹ̀ ń jẹun, síbẹ̀ ńṣe ló ń rù sí i

Ọmọ Ìjẹ̀bú Pọ́ńbélé
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ mi gùn, inú ló ń bí mi. Mo ra ẹṣin kan lọ́wọ́ ọ̀kan nínú àwọn tó ń fi ẹṣin gbé èèyàn ṣeré létí òkun ní Èkó. Lóòótọ́ mo sanwó, àmọ́ àánú ló mú mi ṣe é. Láàárọ̀ dalẹ́ ló ń gbé ọmọ olówó lórí iyanrìn nínú oòrùn, kò sí koríko, omi pàápàá rírà ni. Ẹni tó tà á búra fún mi pé ó kàn rẹ̀ ẹ́ ni, pé bó bá sinmi díẹ̀, ara rẹ̀ á padà. Iye tó gbà lọ́wọ́ mi, n kò ní kọ ọ́ síbí nítorí ìyàwó mi wà nínú ẹgbẹ́ yìí.

Nígbà tá a sọ̀ ọ́ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, gbogbo àdúgbò ló jáde wá wòran. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi bi mí lójú gbogbo wọn pé ṣé egungun ni mo lọ rà ní Èkó. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra. Òótọ́ ni pé ẹ lè dúró lẹ́nu ọ̀nà kẹ́ ẹ ka egungun ìhà rẹ̀, egungun ẹ̀yìn rẹ̀ yọ sókè bí òrùlé, ibi tí gàárì ti ń gún un sì ti dégbò. Ṣùgbọ́n ẹṣin tó rẹwà ni. Dúdúyẹmí ni mo sọ ọ́.

Ohun tí kò yé mi ni pé n kò fi oúnjẹ dù ú. Oúnjẹ olówó gọbọi ni mo ń fún un láàárọ̀ àti lálẹ́, ó sì máa ń jẹ ẹ́ tán. Ní ọjọ́ méjì yìí ló wá ń lọ́ra sí oúnjẹ, ó ń làágùn lórí ìdúró. Ọmọ tó ń bá mi tọ́jú rẹ̀ ní ọwọ́ ayé ni. Ẹ jọ̀ọ́, kí ló ń tètè mú ẹṣin sanra? Ìléyá ti ń kanlẹ̀kùn, ilé wa sì gbọ́dọ̀ jáde l'Ójúde Ọba.

Ìyá Ìbejì Òṣogbo
Ẹ pẹ̀lẹ́ o, bùrọ̀dá. Ọlọ́run á bá yín tún un ṣe. Ṣé akọ ni àbí abo?

Mọ̀gájí Ìlọrin
Ní tiwa n'Ílọrin, a kì í da ara wa láàmú. Ẹ rẹ ọkà bàbà mọ́jú, ẹ wá ewé ẹ̀wà gbígbẹ tí àwọn Gàm̀bàrí ń pè ní harawa, ẹ fi ewé ẹ̀pà kún un. Bàbá àgbà mi ní ẹṣin funfun kan tí kì í jẹ nǹkan mìíràn. Ẹṣin yẹn mọ ọjọ́ Jímọ̀. Bí wọ́n bá ti pe ìrun, á máa fi pátákò gbẹ́ ilẹ̀ títí wọ́n á fi dì í ní gàárì. Lọ́jọ́ tí bàbá kú, ó kọ oúnjẹ. Ẹ ò rí ẹṣin mọ́ láyé òde òní, ẹran lásán ló kù.

Ṣadé ti Kent
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Ilé ẹṣin ni mo ti ń ṣiṣẹ́ níbí ní England, wọ́n sì máa ń kó àwọn tí ebi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wá bá wa. Ẹ̀gbọ́n, ẹ kọ̀wé gùn, ṣùgbọ́n ẹ ò tíì sọ ohun tá a nílò. Ọmọ ọdún mélòó ni? Ìgbà wo lẹ gbà á? Ṣé ẹnikẹ́ni ti wo eyín rẹ̀? Ní pàtàkì, kí ni oúnjẹ olówó gọbọi náà?

Ìdí tí mo fi ń béèrè ni pé ẹṣin tí ebi ti pa pẹ́, ẹran ara rẹ̀ ló ti ń jẹ. Bẹ́ ẹ bá ṣàdédé da ọkà tàbí àgbàdo síwájú rẹ̀, ara á tú insulin, èròjà tó ń darí ṣúgà, jáde nítorí ṣúgà inú rẹ̀, insulin á sì fa àwọn èròjà bíi phosphate, magnesium àti potassium kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Láìsí àwọn nǹkan wọ̀nyẹn ọkàn ò lè lù bó ṣe yẹ. Láàárín ọjọ́ mẹ́wàá àkọ́kọ́ ló máa ń pa wọ́n, lásìkò tí onílé ń dúpẹ́ pé ó ti ń jẹun. Torí náà koríko nìkan ni, díẹ̀díẹ̀, bí ẹ̀ẹ̀mẹfà lójúmọ́, pẹ̀lú omi tí kò gbọdọ̀ tán. Lẹ́yìn nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá ni á tó máa jẹ bó ṣe wù ú.

Mọ̀gájí Ìlọrin
Àǹtí, òyìnbó ló ń wọn koríko. Ọkà bàbà la fi tọ́ ẹṣin dàgbà.

Ṣadé ti Kent
Bàbá, ẹ má bínú. Ẹṣin tí ara rẹ̀ le lẹ fi ọkà bàbà tọ́. Ewé ẹ̀wà àti ewé ẹ̀pà tẹ́ ẹ dárúkọ, òun gan-an ni mo fẹ́ kó jẹ. Ní California, ní yunifásítì Davis, wọ́n dán oúnjẹ mẹ́ta wò lára àwọn ẹṣin tí ebi ti pa, alfalfa, ewéko kan tí wọ́n ń sá gbẹ fún ẹran jẹ, ló sì dáa jù. Ewé ẹ̀wà àti alfalfa, ìdílé kan náà ni wọ́n. Ọkà ni kẹ́ ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀ ná.

Bàbá Ẹlẹ́ṣin Ọ̀yọ́
Ẹ la ẹnu rẹ̀. Bí eyín iwájú bá ti gùn tó yọ síta, àgbà ẹṣin ni, ohun yòówù kí ẹni tó tà á wí. Ẹ tún wo ilẹ̀ ibi tó ti ń jẹun. Bẹ́ ẹ bá rí koríko tó ti rún díẹ̀, tó ká a pọ̀ roboto, tó sì pọ̀ ọ́ sílẹ̀, eyín inú ló ti mú ṣóńṣó tó ń ya á lẹ́rẹ̀kẹ́. Kò sí oúnjẹ tó ń gba ẹnu bẹ́ẹ̀ sanra.

Ọmọ Ìjẹ̀bú Pọ́ńbélé
Ẹ ṣeun gbogbo yín. Akọ ni. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni ẹni tó tà á pè é. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá la gbé e dé. Ti ẹ̀ẹ̀mẹfà lójúmọ́ yẹn, Ṣadé, ìwọ ń gbowó oṣù lórí ẹṣin, èmi níṣẹ́ tí mò ń ṣe. Kò sì sẹ́ni tó tíì dá mi lóhùn lórí Ojúde Ọba.

Alága Ìta-Ọṣìn
Mo dá yín lóhùn: ẹ kò gbọdọ̀ gùn ún. Ẹṣin tí egungun rẹ̀ ṣeé kà lókèèrè, oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà ni, ó tún lè jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó tó padà sípò. Ẹ fẹ́ gbé agbádá àti gàárì ẹlẹ́wà lé e lórí kí ayé lè rí yín. Ẹ ní àánú rẹ̀ ṣe yín, àánú wo nìyẹn?

Ìyá Ìbejì Òṣogbo
Alága, ẹ rọra. Kò sẹ́ni tó ra ẹṣin láti fi ṣe ìkà.

Lékan Olóògùn
Aràn ni. Ẹ fún un ní abẹ́rẹ́ ivermectin ti màlúù, ìlọ́po méjì. Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi tó bá yá.

Dókítà Ẹran Abẹ́òkúta
Lékan, jọ̀ọ́ pa ìyẹn rẹ́. Abẹ́rẹ́ màlúù kì í ṣe ti ẹṣin. Oògùn aràn ti ẹṣin, 0.2 mílígíráàmù fún kílò kan ni, ẹnu la sì ń fi í sí. Ẹni tó rù tó báyìí, a ó kọ́kọ́ yẹ ìgbẹ́ rẹ̀ wò, a ó jẹ́ kó lágbára díẹ̀.

Kẹ́ ẹ tó mọ kílò rẹ̀, ẹ fi tépù wọn àyà rẹ̀ yíká lẹ́yìn ẹsẹ̀ iwájú, ẹ wọn gígùn rẹ̀ láti àyà dé ìdí, méjèèjì ní sẹ̀ǹtímítà. Ẹ fi iye àyà sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, ẹ fi iye gígùn sọ èsì rẹ̀ di púpọ̀, ẹ wá fi 11,880 pín in. Bí àyà bá jẹ́ 150, tí gígùn jẹ́ 140, bíi kílò 265 nìyẹn.

Ẹ gbé ètè rẹ̀ sókè pẹ̀lú. Ṣé ẹran ìdí eyín rẹ̀ funfun tàbí ó pọ́n bí ìyeyè? Ṣé abẹ́ ikùn rẹ̀ wú? Ní apá gúúsù yìí, eṣinṣin tsetse àti eégbọn máa ń kó àrùn sínú ẹ̀jẹ̀ ẹṣin, wọ́n á máa rù bí wọ́n tilẹ̀ ń jẹun. Ẹ̀jẹ̀ la fi ń mọ̀. Ẹ má lọ ra diminazene, oògùn àrùn tsetse, lọ́jà, díẹ̀ ló fi ń pọ̀ jù fún ẹṣin. Ṣùgbọ́n òógùn orí ìdúró yẹn ni kò jẹ́ kí n sinmi. Kí lẹ̀ ń fún un jẹ?

Ọmọ Ìjẹ̀bú Pọ́ńbélé
Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bú mi, ẹ ò mọ ohun tí mo ń ná. Mo ní oko adìyẹ. Oúnjẹ bírọ́ílà, sítátà, èyí tó wọ́n jù, ni mò ń fún un, garawa kan láàárọ̀, òmíràn lálẹ́. Ohun tó ń ṣara lóore nínú rẹ̀ ju ti koríko lọ fíìfíì. Òròmọdìyẹ tó ń jẹ ẹ́ ń tó tà láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Kí ló dé tí kò ní mú ẹṣin sanra?

Dókítà Ẹran Abẹ́òkúta
Ẹ GBÉ E KÚRÒ NÍWÁJÚ RẸ̀ BÁYÌÍ. Kí ẹ tó dá mi lóhùn. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ ka ara àpò fún mi. Ọ̀pọ̀ oúnjẹ bírọ́ílà ni wọ́n ń po oògùn kọ́kìsì, àrùn ìfun adìyẹ, mọ́: monensin, salinomycin àti àwọn ẹgbẹ́ wọn. Ó ń dáàbò bo adìyẹ, ṣùgbọ́n ẹṣin, díẹ̀ nínú rẹ̀ ń ba ẹran ọkàn rẹ̀ jẹ́. Iye tí màlúù á jẹ tí kò ní mọ̀ lè pa ẹṣin. Kíkọ oúnjẹ, òógùn, àárẹ̀ ẹsẹ̀, bó ṣe ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Kò sí oògùn tó ń pa oró rẹ̀.

Lékan Olóògùn
Ewúrẹ́ mi ń jẹ oúnjẹ adìyẹ láti ọdún yìí, ó ń lé mi káàkiri.

Bàbá Ẹlẹ́ṣin Ọ̀yọ́
Lékan, ṣé ẹṣin ni ewúrẹ́ rẹ?

Ṣadé ti Kent
Yéè. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má jẹ́ kó rìn káàkiri o. Kò gbọdọ̀ sáré rárá. Ẹ dá a dúró síbi tó tutù, omi síwájú rẹ̀.

Ọmọ Ìjẹ̀bú Pọ́ńbélé
Salinomycin wà níbẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ wẹ́wẹ́ nísàlẹ̀ àpò. Ṣùgbọ́n wọn ò kọ ọ́ síbì kankan pé ẹṣin ò gbọdọ̀ jẹ ẹ́! Ta ni yóò mọ̀? Ó kọ èyí tí mo gbé síwájú rẹ̀ lálẹ́ yìí, ó kàn fi imú gbọ́n ọn.

Dókítà Ẹran Abẹ́òkúta
Kíkọ̀ yẹn ló ń gbà á là. Mo ti fi nọ́ńbà ẹnìkan tó wà nítòsí yín ránṣẹ́ sínú àpótí yín. Ẹ pè é lálẹ́ yìí, ẹ má dúró dọ̀la.

Ọmọ Ìjẹ̀bú Pọ́ńbélé
Ẹ kú àárọ̀. Dókítà wá lóru, ó sì tún padà wá láàárọ̀ yìí. Ó ka ọkàn rẹ̀, 68 ní ìṣẹ́jú kan. Ó ní kò yẹ kó ju 44 lọ lórí ìdúró. Ó gba ẹ̀jẹ̀ lọ. Ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ lẹ́nu, eyín ẹ̀gbẹ́ kan ti gé ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wọnú. Bàbá Ọ̀yọ́, ẹ jàre: ó ní ẹṣin yìí á ti lé ní ọdún mẹ́rìndínlógún. Ewé ẹ̀wà díẹ̀díẹ̀ ni títí èsì á fi dé, ìyàwó mi ló ń fún un lóru. Ó jẹ díẹ̀ láàárọ̀ yìí.

Ṣadé ti Kent
Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Bí òógùn náà bá tilẹ̀ dáwọ́ dúró, ẹ má dì í ní gàárì títí dókítà á fi yẹ ọkàn rẹ̀ wò dáadáa. Ẹlòmíràn á sanra, á máa dán, á wá ṣubú lulẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá gùn ún.

Alága Ìta-Ọṣìn
Ojúde Ọba ńkọ́?

Ọmọ Ìjẹ̀bú Pọ́ńbélé
Mo ti bá ẹnìkan sọ̀rọ̀ ẹṣin àyálò. Alága, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi mí sílẹ̀.

Lékan Olóògùn
Ẹ̀gbọ́n, àpò oúnjẹ bírọ́ílà tó kù yẹn, ṣé ẹ máa tà á?

Ọmọ Ìjẹ̀bú Pọ́ńbélé
Adìyẹ mi á jẹ ẹ́.