Ọjọ́ tí ẹgbẹ́ aláàánú àdúgbò kan ilẹ̀kùn mi: ẹ bá wa sọ ti yín

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin àbúrò, mo kí yín o. Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ sọ ìtàn yìí, ìtìjú ni kò jẹ́. Mo yọ̀ ṣubú lórí àtẹ̀gùn, eegun ẹsẹ̀ òsì mi sì ṣẹ́. Nílé ìwòsàn, wọ́n fi POP dì í, wọ́n ní n kò gbọ́dọ̀ fi tẹlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, wọ́n sì ní kí n máa lọ sílé. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni mò ń gbé, èmi nìkan.

Àwọn ará ilé wá kí mi. Wọ́n ní Ọlọ́run á wò mí sàn, mo ṣe àmín. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá ṣú, ìdí ni mo fi ń wọ́ lọ sí ilé ìyàgbẹ́. Mo wá dín omi tí mò ń mu kù kí n má baà máa dìde lóru. N kò sọ èyí fún ẹnikẹ́ni. Báwo lèèyàn ṣe fẹ́ gbé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kalẹ̀ níwájú àlejò?

Ní ọjọ́ kẹrin, obìnrin méjì kan ilẹ̀kùn. Ẹni tó ń gbé nísàlẹ̀ ló ti lọ ta ẹgbẹ́ aláàánú àdúgbò wa lólobó. Mo rò pé àdúrà ni wọ́n tún bá wá. Èyí tó jẹ́ àgbà nínú wọn jókòó, ó wò mí, ó ní, "Ọmọ mi, bí o bá jí láàárọ̀, kí ni nǹkan àkọ́kọ́ tó ń nira fún ọ?" Bó ṣe bi mí bẹ́ẹ̀ ni omi bọ́ lójú mi. Mo sọ ọ́.

Kí oòrùn tó wọ̀ lọ́jọ́ náà, ó ti padà dé pẹ̀lú ọ̀pá méjì tí wọ́n máa ń fi sábẹ́ abíyá. Kò kàn gbé e lé mi lọ́wọ́ kó máa lọ. Ó ní kí n fi ẹsẹ̀ tó le dúró, kí n di ògiri mú. Ó fi ìka wọn àyè tó wà láàárín abíyá mi àti orí ọ̀pá, ó ní ó gbọ́dọ̀ tó ìka méjì. Ó tú ibi ìdìmú, ó gbé e sókè díẹ̀ títí tó fi bá ọrùn ọwọ́ mi dọ́gba. Ó ní ọwọ́ ni kó máa gbé ara mi, kì í ṣe abíyá, torí iṣan wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé bí ọ̀pá bá ń tẹ̀ ẹ́ lójoojúmọ́, ọwọ́ lè kú tipiri. Ó dojú ọ̀pá dé, ó rí i pé rọ́bà ìdí ọ̀kan ti jẹ, ó yọ òmíràn nínú báàgì rẹ̀, ó fi rọ́pò rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló kọ́ mi ní àtẹ̀gùn: bí mo bá ń gòkè, ẹsẹ̀ tó le ni kó ṣáájú; bí mo bá ń sọ̀ kalẹ̀, ọ̀pá àti ẹsẹ̀ tó ṣẹ́ ni kó ṣáájú. A ṣe é títí ó fi mọ́ mi lára.

Wọ́n kọ orúkọ mi sínú ìwé kan. Wọ́n yá mi ni, wọn kò fi ta mí lọ́rẹ, mo sì fẹ́ràn ìyẹn. Ẹni tó yá nǹkan yóò dá a padà, kò dà bí ẹni tó tọrọ.

Ẹ̀yin ńkọ́?

* * *

Ẹ kú àmúmọ́ra, ẹ̀gbọ́n. Ti bàbá mi ni tèmi.

Kíndìnrín wọn kò ṣiṣẹ́ mọ́, ẹ̀rọ ló ń bá wọn fọ ẹ̀jẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, bíi wákàtí mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan. A ti rí ọ̀nà gbé owó ìtọ́jú gbà. Lílọ bíbọ̀ ló fẹ́ pa wá. Ìrìn mẹ́fà ni lọ́sẹ̀, ẹni tó bá sì ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ náà, ó lè rẹ̀ ẹ́ débi pé òòyì á máa kọ́ ọ, kò ṣeé fi sílẹ̀ kó máa dúró de ọkọ̀ lẹ́bàá títì. Èmi ni mò ń gbé wọn. Níbi iṣẹ́, wọ́n ti fún mi ní ìwé ìkìlọ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹgbẹ́ kan gbọ́ nípa wa, wọ́n kó aṣọ wá, àpò ńlá méjì. Bàbá mi dúpẹ́ gan-an. Wọn kì í ṣe aláìmoore. Àmọ́ aṣọ wà nílé wa, ọkọ̀ ni kò sí. Nígbà tí wọ́n ń lọ, ọ̀kan nínú wọn rí i pé mò ń wo aago, ó bi mí pé ṣé kò sí. Ojú ọ̀nà la ti sọ ọ́.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, àwọn bàbá mẹ́rin tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ pín ọjọ́ láàárín ara wọn. Ọkọ̀ tiwọn, epo tiwọn. Wọ́n kọ orúkọ sórí ìwé, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri yàrá bàbá mi kí wọ́n lè mọ ẹni tó ń bọ̀. Mo padà sẹ́nu iṣẹ́ mi. Ọ̀kan nínú àwọn bàbá náà kì í já wọn sílẹ̀ kó lọ, á jókòó tì wọ́n títí ẹ̀rọ á fi parí, ayò ni wọ́n ń ta. Bàbá mi ti sùn báyìí. Ọjọ́ tí a sin wọ́n, mo rí bàbá náà, ó jókòó lẹ́yìn pátápátá, ó gbé ọpọ́n ayò lé ẹsẹ̀.

* * *

Mo wà lára àwọn tó ń ṣiṣẹ́ irú èyí, yàrá tí à ń kó ẹrù sí ni wọ́n fi mí sí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú wa ń rí.

Ọ̀rọ̀ aṣọ tí àbúrò wa sọ yẹn, òótọ́ ni. Ohun tó bá pọ̀ jù nílé àwọn èèyàn ni wọ́n máa ń kó wá, kì í ṣe ohun tí aládùúgbò ń wá. Ẹ wo ìtẹ́dìí ọmọ. Ìwọ̀n ara ọmọ ni wọ́n fi ń ṣe é, ti ọmọ tuntun ló sì máa ń kún ọ̀dọ̀ wa, torí pé ọmọ tètè máa ń tóbi jù ú, àwọn òbí á wá kó ìyókù wá. Àwọn ìyá tó ń kan ilẹ̀kùn wa, ọmọ wọn ti ń rìn. A kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn gàdàgbà pé àwọn nọ́ńbà ńlá la fẹ́. Láti ìgbà yẹn ló ti ń yí padà.

Ọjọ́ tó wà lára oúnjẹ inú agolo àti páálí tún ni wàhálà tiwa. Oríṣi méjì ni. Èyí tó sọ pé oúnjẹ yóò dára jù lọ kó tó di ọjọ́ báyìí, adùn àti rírọ̀ rẹ̀ ló ń sọ. Èyí tó sọ pé kí a má lò ó lẹ́yìn ọjọ́ báyìí, ewu ló ń sọ, bí ọjọ́ yẹn bá sì ti kọjá, a kì í fún ẹnikẹ́ni. Mo ti rí ẹni tó da èyí àkọ́kọ́ nù pátá, tí ìdílé kan sì lọ lọ́wọ́ òfo lọ́jọ́ náà. Ó dùn mí wọnú eegun. Àwọn tó dá ilé ìkóoúnjẹpamọ́ (food bank), níbi tí wọ́n ti ń gba oúnjẹ jọ fún aláìní, tí wọ́n kà sí àkọ́kọ́ láyé sílẹ̀, èyí tí John van Hengel bẹ̀rẹ̀ ní Phoenix, Amẹ́ríkà, ní 1967, ohun tí wọ́n rí náà nìyẹn: oúnjẹ tó ṣeé jẹ ni àwọn ènìyàn ń dà nù, ẹni tí ebi ń pa sì wà nítòsí.

Bí a bá ń lọ sílé èèyàn, méjì-méjì la máa ń lọ. Ẹgbẹ́ St. Vincent de Paul, ẹgbẹ́ aláàánú àwọn Kátólíìkì tí Frédéric Ozanam àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá sílẹ̀ ní Paris ní 1833, ń ṣe bẹ́ẹ̀ di òní. Ẹnìkan á sọ̀rọ̀, èkejì á máa fojú wo ohun tí ẹnu kò lè sọ.

* * *

Ẹ má bínú, tèmi kò dùn.

Wọ́n fún ọmọ mi ní báàgì ilé ìwé. Báàgì tó dáa ni. Kí wọ́n tó gbé e fún un, wọ́n ní kó dúró, kó gbé e dání, kó rẹ́rìn-ín, wọ́n ya fọ́tò. Kò ju ọjọ́ mẹ́ta lọ tí fọ́tò náà fi dé ojú àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀. Ọmọ mi padà sí báàgì tó ti ya. Èyí tuntun wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni. Tí ẹ bá wà lára àwọn tó ń fúnni ní nǹkan, mo bẹ yín, ẹ fi kámẹ́rà sílẹ̀ nílé.

* * *

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ ọmọ yẹn. Lọ́dọ̀ tiwa, a ti fi òfin de fọ́tò, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn sì wà fún ẹni tí kò bá fẹ́ kí a rí òun. Èmi tó ń tọ́jú yàrá ẹrù ni mo tún sọ̀rọ̀.

* * *

Tèmi kò gùn. Ìyá àgbà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ojú wọn ti ń ṣe bàìbàì. Ẹgbẹ́ aláàánú bi wọ́n pé kí ni wọ́n fẹ́, wọ́n ní kí ẹnìkan wá bá àwọn ka lẹ́tà. Lẹ́tà kún dúrọ́ọ̀ kan. Ọmọdébìnrin kan jókòó kà á fún wọn ní odindi ọ̀sán kan, ó rí ọ̀kan níbẹ̀ tó ní kí wọ́n fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù owó ìfẹ̀yìntì ọkọ wọn tó ti kú, ó sì ku ọjọ́ mọ́kànlá kí àkókò rẹ̀ kọjá. Wọ́n fọwọ́ sí i.

* * *

Èmi tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ rèé. Mo ti ka gbogbo ọ̀rọ̀ yín, mo sì dúpẹ́.

Nígbà tí wọ́n tú POP náà, mo gbé ọ̀pá padà fúnra mi. Mo ti nù wọ́n dán. Màmá ọjọ́ kìíní náà ló gbà á lọ́wọ́ mi, ó fa ìlà sí orúkọ mi nínú ìwé, ó sì yẹ rọ́bà ìdí wọn wò. Mo fẹ́ jókòó kí n sọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ tí mo ti tò sílẹ̀ láti ilé. Ó ní kí n bá òun di orí ọ̀pá mú ná, ẹni tó ń bọ̀ wá gbé e nírọ̀lẹ́ kúrú jù mí lọ. Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú ibi ìdìmú.